Ẹni Tó Ra Tiransifọ́mà Ni Kó Ni Ín

Ó ṣòro láti rí àdúgbò kan ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, láti Màkún ní Ṣàgámù títí dé Ìkẹ́nnẹ́, Ìlíṣàn àti Ìṣarà, tí wọn kò tíì dá owó rí nítorí iná. Tiransifọ́mà jó, ẹgbẹ́ onílé pe ìpàdé, wọ́n bu owó lé ojúlé kọ̀ọ̀kan. Òpó wó nínú ìjì, wọ́n tún dá owó. Wáyà já, wọ́n dá owó wáyà, wọ́n sì wá owó ọwọ́ fún ẹni tó máa gun òpó. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí tí iná dé, ohun tí wọ́n fi owó ara wọn rà á di ti iléeṣẹ́ tó ń pín iná. Àwọn tó rà á á wá máa san owó iná lọ bí àwọn tí kò fi kọ́bọ̀ kan sí i. Àṣà yìí kì í ṣe ti Rẹ́mọ nìkan, kì í sì í ṣe ti iléeṣẹ́ apínná kan ṣoṣo. Gbogbo Nàìjíríà ló ti di bárakú fún.

Ìwé ìròyìn yìí gbà pé àsìkò ti tó láti fi òpin sí i. Ohun tí a dúró lé ni pé kí àwọn ìlú Rẹ́mọ dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù iná sílẹ̀, kí òfin Ìpínlẹ̀ Ògùn dá ẹgbẹ́ wọ̀nyí mọ̀, kí owó tí ayé ń ná nítorí ìyípadà ojú ọjọ́ sì lè dé ọwọ́ wọn. A so ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ iná àti ti ojú ọjọ́ pọ̀ nítorí pé ìnáwó ètò ojú ọjọ́ ti wọ inú owó iná, iye epo àti iye bátìrì báyìí. Àwọn tó sì ń rù ú jù ni àwọn tí ẹnikẹ́ni kò pè síbi tí wọ́n ti ṣe ìpinnu.

Ní ti òfin, ọdún 2023 ni ìlẹ̀kùn ṣí. Ní oṣù kẹta ọdún náà, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa tó fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti ṣe iná, láti gbé e káàkiri àti láti pín in, kódà níbi tí iná ìjọba àpapọ̀ ti dé. Ní oṣù kẹfà, Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lu Òfin Iná Mànàmáná 2023. Láti ìgbà náà ni NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀ràn iná lórílẹ̀-èdè yìí, ti ń fa iṣẹ́ náà lé àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́, Ògùn sì wà lára wọn. Abẹ́òkúta ni wọn yóò ti máa pinnu iye tí aránṣọ kan ní Ìperu máa san lórí iná, àti ẹni tó lè gba ìwé àṣẹ láti ta iná fún un. Àwáwí pé Àbújá ló dí wa lọ́wọ́ ti tán.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹrù tí ètò ojú ọjọ́ gbé lé wa lórí. Ní Glasgow ní 2021, Nàìjíríà ṣèlérí níwájú ayé pé nígbà tí yóò bá fi di 2060, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí a ń tú sókè kò ní ju èyí tí a ń kó kúrò lọ. Nínú oṣù kọkànlá ọdún kan náà ni Òfin Ìyípadà Ojú Ọjọ́ jáde. Ní 2022, ìjọba gbé ètò tí wọn yóò fi mú ìlérí náà ṣẹ kalẹ̀, wọ́n sì ní tírílíọ̀nù 1.9 dọ́là ni yóò ná wa títí di 2060. A kò ta ko ìlérí yìí. Àgbẹ̀ tó ń gbin obì tàbí ẹ̀gẹ́ ní Rẹ́mọ kò nílò kí onímọ̀ kankan wá sọ fún òun pé òjò kò bá àsìkò rìn mọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa léèrè pé ta ló da omi rú. Ọmọ Amẹ́ríkà kan ń tú kábọ́ọ̀nù tó ju tọ́ọ̀nù 13 lọ lọ́dún kan. Ti ọmọ Nàìjíríà kan kò tó tọ́ọ̀nù kan. Gbogbo Áfíríkà lápapọ̀ kò tó ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí ayé ń tú.

Síbẹ̀, owó ti ń jáde lápò wa. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, wọn kò pè é ní ètò ojú ọjọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn àjọ ayánilówó àgbáyé ti ń kà á mọ́ ohun tó yẹ kí orílẹ̀-èdè bíi tiwa ṣe. Lítà epo tí a ń rà ní nǹkan bíi náírà 190 kọjá náírà 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí 2024 sì tó parí ó ti ń sún mọ́ náírà 1,000 tàbí kó kọjá bẹ́ẹ̀ níbi púpọ̀. Ní oṣù kẹrin 2024, NERC gbé owó iná àwọn tí wọ́n fi sí Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, láti náírà 68 sí náírà 225 fún yúníìtì kan. Lẹ́yìn náà ni Òfin Owó Orí 2025 dé, tó fi owó àfikún ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lé epo rọ̀bì àti ohun tí a ń rí nínú rẹ̀. Kò lè bẹ̀rẹ̀ àfi bí Mínísítà ètò ìṣúná bá kéde rẹ̀ nínú ìwé ìkéde ìjọba. Òfin náà yọ iná oòrùn, kẹrosínì ilé àti gáàsì ìdáná sílẹ̀.

Ó dára tí wọ́n yọ wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe máa rí ní ọjà. Ẹni tó lówó láti gbé sólà sórí òrùlé rẹ̀ ní GRA kò ní san owó àfikún yìí, nítorí kò lo jẹnẹrétọ̀ mọ́. Obìnrin tó ń fi ẹ̀rọ lọ ẹ̀gẹ́ ní Ògèrè, wẹ́dà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ní Ṣàgámù, ẹni tó ń ta ẹran àti ẹja yìnyín ní Òde Rẹ́mọ, àwọn tí kò rí owó sólà kó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni wọn yóò máa san án lójoojúmọ́, lítà lítà. Ètò tó yẹ kó mú afẹ́fẹ́ mọ́ yóò wá di owó orí lé ẹni tí kò ní. Nínú ọdún 2025 bákan náà, Uche Nnaji, tó jẹ́ Mínísítà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nígbà náà, sọ pé ìjọba ń gbèrò láti dá kíkó sólà wọlé láti òkè òkun dúró kí àwọn tó ń ṣe é nílé lè gbèrú. Ìfẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa la fi ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bí ohun tí a ń ṣe nílé kò bá tíì tó, gbígbé owó sólà ga ni yóò jẹ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tu owó jọ.

Ìnáwó kan wà tí kò sí nínú ìwé òfin kankan, inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Ògìjó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ṣàgámù, lẹ́bàá ààlà Èkó. Ibẹ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ tó ń fọ́ òkú bátìrì, tí wọ́n ń fi iná yọ òjé inú rẹ̀, kóra jọ sí. Ní oṣù kọkànlá 2025, ìwé ìròyìn New York Times àti ilé ìròyìn The Examination gbé ìwádìí kan jáde lórí ìlú náà. Wọ́n ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 70 tó ń gbé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wò. Méje nínú mẹ́wàá ló ní òjé tó lè ṣe ìpalára nínú ẹ̀jẹ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ kan nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò tí kò ti wọ̀ lára. Nínú àwọn ọmọdé, ó lé ní ìdajì tí òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn tó èyí tó lè ba ọpọlọ jẹ́ títí ayé. Òjé náà kì í dúró ní Ògìjó. Òkè òkun ni wọ́n ń kó o lọ láti fi ṣe bátìrì tuntun. Èéfín rẹ̀ nìkan ló ń kù sílẹ̀ fún wa.

Bátìrì ọkọ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń yọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n irú òjé kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ bátìrì tí a ń gbé sábẹ́ àga nílé, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nínú mọ́sáláṣí àti nínú ilé ìtajà láti máa gba iná oòrùn sí. Ọdún díẹ̀ ni ó ń lò kó tó kú. Bí ó bá kú, ọmọ tó ń kó irin káàkiri ni a ń tà á fún, a kì í sì í béèrè ibi tó ń gbé e lọ. Bí a bá sọ pé kí gbogbo ilé ní Rẹ́mọ máa lo sólà láìṣe ètò fún òkú bátìrì, a ń fi kún ohun tó ń pa àwọn ọmọ Ògìjó lára ni. Olúkúlùkù kò lè dá yanjú èyí. Ẹni tó ń ra bátìrì méjì kò lè pàṣẹ fún olùtajà pé kó wá kó o padà lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni kò sábà rí owó ra irú ti lítíọ́ọ̀mù tó ń pẹ́ tí kò sì ní òjé. Ẹgbẹ́ tó ń rà fún ilé ẹgbẹ̀rún kan lè ṣe méjèèjì. Ìdí kan nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù iná fi ká wa lára.

Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì. Ní 1935, nígbà tí Ààrẹ Franklin Roosevelt dá àjọ iná ìgbèríko sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ilé àgbẹ̀ kan nínú mẹ́wàá ló ní iná. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá sọ pé kò sí èrè nínú fífa wáyà lọ sí oko. Àwọn àgbẹ̀ kóra jọ, ìjọba yá wọn lówó ní èlé kékeré, wọ́n ri òpó tiwọn. Lónìí ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tó 900, nǹkan bíi mílíọ̀nù 42 ènìyàn ló sì ń gba iná lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó ń san owó iná ló ni ẹgbẹ́, ìbò kan ni olúkúlùkù ní, owó tó bá ṣẹ́kù sì ń padà sọ́dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́.

Àwọn náà dojú kọ ìnáwó ojú ọjọ́. Èédú ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣe iná, gbèsè ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni wọ́n sì fi kọ́ ilé ẹ̀rọ èédú wọn. Nígbà tí ìjọba Barack Obama gbé ìlànà jáde ní 2015 láti dín kábọ́ọ̀nù ilé ẹ̀rọ iná kù, wọ́n figbe ta pé bí a bá ti ilé ẹ̀rọ pa kí gbèsè rẹ̀ tó tán, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò máa san gbèsè èyí tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ pọ̀ mọ́ owó èyí tuntun. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ìlànà náà dúró ní 2016. Ní 2022 ni ìjọba wọn wá gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n ya bílíọ̀nù 9.7 dọ́là sọ́tọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ iná ìgbèríko láti fi bọ́ sórí iná tó mọ́. Orílẹ̀-èdè tó lọ́rọ̀ jù láyé gbà pé àgbẹ̀ kò lè dá ẹrù yìí rù. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni yóò fi rò pé ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ Ìkẹ́nnẹ́ lè dá a rù?

Orílẹ̀-èdè tí kò lówó náà ti ṣe é. Bangladesh dá àjọ iná ìgbèríko sílẹ̀ ní 1977, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù iná 80 ló sì wà níbẹ̀ tó ń pín iná fún àwọn abúlé. Ohun tó ń fa awuyewuye láàárín wọn ni pé àṣẹ pọ̀ jù lọ́wọ́ àjọ ìjọba tó wà ní Dhaka. Kí Ògùn kọ́gbọ́n lára èyí.

Ọdún 1935 yẹn kan náà ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àkọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá fi ẹgbẹ́ ta kòkó wọn láìgba ọwọ́ alágbàtà, nígbà tó sì di 1953, wọ́n ti ní ilé ìfowópamọ́ tiwọn ní Ìbàdàn. Kí òfin kankan tó dé ni a ti mọ àáró, ọ̀wẹ̀ àti èésú. Rẹ́mọ fúnra rẹ̀ mọ bí ọ̀pọ̀ ìlú ṣe ń jọ ṣe nǹkan láìpa orúkọ ẹnikẹ́ni rẹ́: ìlú 13 ló parapọ̀ di Ṣàgámù ní nǹkan bíi 1872, àdúgbò Òfin ṣì ń jẹ́ Òfin, Màkún ṣì ń jẹ́ Màkún títí di òní. Bí ẹgbẹ́ iná ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kí gbogbo wọn sì ní àpapọ̀ kan tí yóò máa rajà, tí yóò máa gba onímọ̀ ẹ̀rọ síṣẹ́, tí yóò sì máa bá ìjọba sọ̀rọ̀.

Nítòsí wa, ní abúlé Gbámú-Gbámú ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà Oòrùn Ìjẹ̀bú, ilé iná oòrùn tó ń ṣe kílówáàtì 85 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018. Iléeṣẹ́ aládàáni kan ló kọ́ ọ, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti ilẹ̀ Yúróòpù àti Jámánì. Abúlé tí wáyà ìjọba kò dé rí wá ń tan iná. Ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ṣùgbọ́n iye tí irú iná bẹ́ẹ̀ ń náni sábà máa ń ga ju ti iléeṣẹ́ apínná lọ, nítorí pé ẹni tó kọ́ ọ gbọ́dọ̀ rí owó rẹ̀ àti èrè rẹ̀ gbà. Níbi tí owó ìrànlọ́wọ́ ti gbé òpó àti bátìrì ró, a rò pé ó tọ́ kí àwọn ará ìlú ní ìpín nínú rẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n jẹ́ oníbàárà lásán. Ètò DARES tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá 2023, tí owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 750 dọ́là, fẹ́ kí iná dé ọ̀dọ̀ mílíọ̀nù 17.5 ọmọ Nàìjíríà. Ẹ̀yáwó ni. Gbogbo wa la máa san án. Kò bójú mu kí àǹfààní rẹ̀ mọ sọ́dọ̀ oníléeṣẹ́ nìkan.

A gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ lórí gáàsì náà. Rẹ́mọ ní iléeṣẹ́ símẹ́ǹtì, iléeṣẹ́ oúnjẹ àti ọtí, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ, pápákọ̀ òfurufú àti Yunifásítì Babcock. Sólà nìkan kò ní gbé gbogbo èyí lóru. Gáàsì ni wọ́n fi ń ṣe iná ní Ọlọ́runṣògo, ní ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín. Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ lo sólà lọ́sàn-án kó sì ra iná gáàsì lóru, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dí i lọ́wọ́ nítorí ìlérí Glasgow. Àwọn tó ba ojú ọjọ́ jẹ́ ṣì ń ra gáàsì.

Ẹ̀bi ibi tí a dé yìí pín. Ìjọba àpapọ̀ ṣe ìlérí níwájú ayé, ó sì fi ìnáwó rẹ̀ sínú owó iná àti owó epo láìyà á sọ́tọ̀ kí aráàlú lè rí i. Àwọn iléeṣẹ́ apínná ń gba ohun tí aráàlú rà láìkọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi gbèsè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlànà tí NERC ṣe ní 2015 sọ pé kí àdéhùn wà ṣáájú, kí ọ̀nà tí wọ́n máa gbà dá owó náà padà sì wà nínú rẹ̀. Àwa aráàlú náà ń dá owó láìgba ìwé kankan. Ó sì yẹ kí a sọ pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù púpọ̀ ti dàrú ní ilẹ̀ yìí nítorí pé akápò kó owó lọ tàbí pé olóṣèlú sọ ọ́ di ti ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀. Ẹgbẹ́ iná tó bá gba irú èyí láyè yóò kú kíákíá, nítorí gbèsè bátìrì kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ohun tí a ń béèrè nìyí. Kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn fi abala kan kún òfin iná ìpínlẹ̀ tí yóò dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù iná mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lè gba ìwé àṣẹ, kí owó ìwé àṣẹ náà sì kéré fún èyí tí kò ju mẹ́gáwáàtì kan lọ. Kí àjọ tó ń ṣàkóso iná ní ìpínlẹ̀ wa pàṣẹ fún IBEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, láti kọ gbogbo tiransifọ́mà, òpó àti wáyà tí àwọn àdúgbò Rẹ́mọ rà láti 2013, nígbà tí aládàáni gba iṣẹ́ pípín iná, sínú ìwé kan tí gbogbo ènìyàn lè wò. Iye tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni kó di ìpín àwọn àdúgbò náà nínú ẹgbẹ́ wọn, tàbí kí wọ́n máa yọ ọ́ kúrò nínú owó iná wọn lóṣooṣù.

Kí ìjọba àpapọ̀ jẹ́ kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù máa gba irú owó ẹ̀bùn tí àwọn oníléeṣẹ́ ń gbà fún ilé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá so mọ́ iná, ní náírà, kì í ṣe gbèsè dọ́là tí yóò máa wú bí náírà bá ṣubú. Kí Mínísítà ètò ìṣúná má kéde owó àfikún orí epo títí ètò yóò fi wà tí yóò dá ìpín kan padà fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń lo jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n lè fi kúrò lórí rẹ̀. Kí Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ṣe òfin pé ẹni tó bá ta bátìrì fún iná oòrùn gbọ́dọ̀ kó òkú rẹ̀ padà, kí ó sì fi ibi tó kó o lọ han ìjọba. Ní Ògìjó fúnra rẹ̀, kí ìpínlẹ̀ san owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọdé tó wà ní àdúgbò àwọn iléeṣẹ́ náà, kí wọ́n sì tọ́jú àwọn tó ti gbà á sára. Ìyẹn kò gbọdọ̀ dúró de òfin kankan.

Ní ti àwọn ẹgbẹ́, kí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn alájẹṣẹ́kù yẹ ìwé owó wọn wò lọ́dọọdún, kí wọ́n sì ka àbọ̀ rẹ̀ ní èdè Yorùbá níwájú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Kí ẹni tó di ipò òṣèlú mú má ṣe wà nínú ìgbìmọ̀ wọn. Kí ẹgbẹ́ ya owó bátìrì sọ́tọ̀ láti oṣù àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án fún ohun mìíràn.

A ké sí Akárígbò Rẹ́mọ, àwọn ọba ìlú gbogbo àti àwọn ẹgbẹ́ onílé láti bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ìjọba. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan wá ìwé owó tí wọ́n fi ra tiransifọ́mà jáde, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó dá owó sílẹ̀, kí wọ́n sì lọ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin alájẹṣẹ́kù. Bí àjọ iná Ògùn bá béèrè ẹ̀rí lọ́la, ìwé yẹn ni yóò sọ ẹni tó ni òpó.